Bàbá Wa Àgbà àti Ìwé Ogun Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Oṣù Kọkànlá ń bọ̀, oṣù tí Ìjọ Mímọ́ yà sọ́tọ̀ fún àdúrà fún àwọn òkú. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ẹ ó kọ orúkọ àwọn ènìyàn yín tí ó ti lọ sínú ìwé, a ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ pẹpẹ ní ọjọ́ kejì oṣù náà. Àwa kátíkíìsì ni a máa ń gba ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ yín, àwa náà ni a sì máa ń tún un kọ bí fàdá kò bá lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn. Nítorí náà a mọ ohun tí orúkọ kan lè dá sílẹ̀ nínú ilé. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí, bóyá ó lè ran ìdílé mìíràn lọ́wọ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a jókòó láti kọ ìwé tiwa. A kọ orúkọ bàbá wa àgbà, ẹni tí ó bí bàbá wa. A kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e, nítorí ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò náà, àgbàlagbà tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ti rí i, ó gba bírò lọ́wọ́ wa, ó sì fa ìlà sí àárín orúkọ méjèèjì. Ó ní: "Ìwọ tí o ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, má kọ wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó sá lọ àti ẹni tí wọ́n mú nítorí rẹ̀ kì í jẹun nínú àwo kan." Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú ilé. Àwa ọmọ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, bí ènìyàn ti í gbọ́ ìró odó láti ilé kejì.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyí. Ní ọdún 1943, àwọn Faransé ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin Dahomey sí iṣẹ́ ológun. Òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 1919, àwọn olórí ìlú ni wọ́n sì ń fi ipá mú kí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ wá síwájú kọ̀mándà. Orúkọ bàbá wa àgbà wà lára àwọn tí wọ́n pè. Nígbà tí ó ku ọ̀la, ó gba ọ̀nà ìgbẹ́ ní òru, ó sì sá wọ ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn gáàdì dé tí wọn kò bá a, wọ́n mú àbúrò rẹ̀ dípò. Àbúrò náà lọ sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé, ó sì padà ní ọdún 1946 pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kò ṣeé fi tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni bàbá wa àgbà náà padà, ara rẹ̀ le, ó sì mú owó díẹ̀ bọ̀. Ìdí nìyí tí apá kan ilé wa fi ń pè é ní ìsáǹsá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó sá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn lórí ààlà, wọ́n sì fa ìlà la àárín ìbátan kọjá. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ìlú lábẹ́ Kétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1914 sí 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí aládùúgbò wa dìde sí ìjọba Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976 bí àwọn ènìyàn wa ti ń kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn nítorí iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ ọ̀ranyàn àti owó orí. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ ọ̀ranyàn náà. Gbogbo èyí ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kò tu ẹni tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ nínú.

Nígbà tí bàbá wa àgbà kú, a jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní ni irin kan tí ó ní igun mẹ́fà bí ìràwọ̀, tí àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́: àárín àkísà náà pupa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí aró, ìlà kékeré aláwọ̀ ọsàn sì wà nínú aró náà. Àwọn ọmọdé ti fi ṣeré títí igun kan fi tẹ̀. Ìkejì ni ìwé tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Lórí èyí tí ó kù, a lè rí lẹ́tà méjì, NA, àti ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà kan, a sì lè rí orúkọ àbísọ bàbá wa àgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orúkọ àbísọ náà, kì í ṣe orúkọ ilé wa ni ó tẹ̀lé e. "Meko" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ohun kẹta kò ṣeé fi ọwọ́ mú. Ọ̀rọ̀ kan ni. Bàbá wa àgbà ní oko kan tí ó jìn, tí a ní láti ru iṣu láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Lẹ́tìmọ́kú ni ó máa ń pe oko náà. Bí ẹrù bá wúwo lórí wa, yóò ní: "Ẹ rọra, Lẹ́tìmọ́kú nìyí." Àwa ọmọ gbọ́ "mọ́ kú" nínú rẹ̀, a sì rò pé ọ̀fọ̀ ni, tí ènìyàn fi ń lé ikú sẹ́yìn. Ìyá wa àgbà náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni a gbọ́ tí ó bẹ̀ ẹ́ pé ẹni tí ó ti gba ìrìbọmi kò gbọdọ̀ máa pe ọ̀fọ̀ lójú àwọn ọmọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Nígbà tí ìjà orúkọ dé, a gbé irin àti ìwé náà síwájú Bàbá Kékeré. A ní: "Ẹ wò ó, bàbá wa àgbà náà ṣe sójà. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe." Ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní: "Meko kì í ṣe orúkọ ilé wa. Ó ra ìwé oníwèé ni, láti fi bo ojú." Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, nítorí a kò mọ bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́. A pinnu pé a ó wá ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ilé wa ti ṣubú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn.

Ti àbúrò ni a kọ́kọ́ wá, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni a lọ, èdè wọn kò sì ṣòro fún wa láti kọ. A kọ̀wé sí ìlú Pau ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ọmọ ogun wọn pamọ́ sí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èsì dé. Ojú ewé kan ni. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, abúlé rẹ̀, ọdún tí ó wọ iṣẹ́, àti ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A ka a fún Bàbá Kékeré láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní: "Wọ́n mú bàbá mi bí ẹni mú ewúrẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ rẹ̀."

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. A bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ sí Kew, níbi tí ilé ìkó-ìwé-pamọ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà. Ó ní wọn kò gba owó lọ́wọ́ òun. Wọ́n fún òun ní káàdì, wọ́n ní kí òun má mú bírò wọlé, pẹ́ńsù nìkan, wọ́n sì gbà kí òun ya àwòrán ìwé. Wọ́n sọ fún un pé ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn sójà Áfíríkà kò sí níbẹ̀, nítorí ọwọ́ ìjọba ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó wà nígbà náà. Ohun tí ó wà ní Kew ni ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ti ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n sùn, odò tí wọ́n là kọjá, ìgbà tí ọ̀tá yìnbọn, iye ẹni tí ó kú. Bákan náà, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà náà ni wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Bọ́mà, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi fún àwọn tí ó ja ogun ní Bọ́mà. Wọn kì í fín orúkọ sára rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó rà á lọ́jà kò yàtọ̀ lójú irin náà.

Àwọn lẹ́tà NA yẹn ràn wá lọ́wọ́, nítorí òun ni wọ́n ń kọ síwájú nọ́ńbà àwọn sójà Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1943 láti bá àwọn ará Jàpáánì jà: ẹgbẹ́ 81 àti ẹgbẹ́ 82. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gáńbíà ni ó wà nínú wọn. Ibi tí ọkọ̀ kò lè dé ni wọ́n ti ja ogun náà, wọ́n sì ń fi orí ru ẹrù. Àmì tí ẹgbẹ́ 82 lẹ̀ mọ́ apá ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn nínú òṣùká aláàárù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa fi àwòrán ojú ewé púpọ̀ ránṣẹ́ sí wa. A kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bí a ti gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ohun kan hàn sí wa kedere. Bí òyìnbó kan tí ó jẹ́ ọ̀gá bá fara gbọgbẹ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí àwọn tiwa bá kú, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n kọ, AOR, ìyẹn ni pé sójà Áfíríkà tí kì í ṣe ọ̀gá, wọ́n á sì kọ iye wọn sí i: ẹyọ kan, ẹni mẹ́ta, ẹni méje. Ìwé náà kà wọ́n, kò pè wọ́n. A pa á dé ní alẹ́ ọjọ́ kan, a sì ronú nípa gbogbo ìyá tí ó sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí ọmọ náà wá di "ẹyọ kan" nínú ìwé.

A wá a láàrin àwọn òkú pẹ̀lú. Àjọ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun, tí ó ní orúkọ bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin (1,700,000) láti inú ogun ńlá méjèèjì. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon ní Bọ́mà, wọ́n fín orúkọ ọmọ ogun bí 27,000 tí ibojì wọn kò ṣeé mọ̀ sára òpó, orúkọ àwọn tiwa sì pọ̀ nínú wọn. Bàbá wa àgbà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ó wà, nítorí orí ẹní rẹ̀ ní Massè ni ó kú sí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ẹni tí ó kú lójú ogun lè ní orúkọ lórí òkúta, ẹni tí ó yè tí ó padà sí oko kò ní. Àwọn òkú pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ kan náà tọrọ àforíjì. Wọ́n jẹ́wọ́ pé nínú àwọn tí ó kú nínú ogun àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000, ó sì lè tó 350,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn ayé, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò rántí rárá.

Ó ní ẹni tí ó fúnra rẹ̀ kọ ìtàn tirẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ sójà ní ọdún 1942, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáánì yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan ní Bọ́mà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, ni ó kù. Àwọn ará abúlé kan, Mùsùlùmí ni wọ́n, fi wọ́n pamọ́, wọ́n sì bọ́ wọn fún bí oṣù mẹ́sàn-án títí àwọn ènìyàn wọn fi dé. Nítorí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2012, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lónìí. Bàbá wa àgbà kò mọ̀wé. Ohun tí ó ní ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Lẹ́tìmọ́kú.

Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù kò fún wa ju èyí lọ, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, nítorí ilé ìkó-ìwé-pamọ́ ti Nàìjíríà wà nínú ọgbà yunifásítì níbẹ̀. A jókòó fún ọjọ́ méjì. A rí ìwé nípa gbígba sójà, a kò rí orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọkàn wa ti rẹ̀wẹ̀sì, a sì ń lọ wọ ọkọ̀ padà sílé. Bí ọkọ̀ ti dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, a gbé ojú sókè, a rí ẹnu-ọ̀nà bárékè àwọn ológun, a sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: Letmauk. A kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ohùn. Lẹ́tì-mọ́kù. Ara wa ta gìrì. Ẹni tí ó jókòó tì wá bi wá bóyá ara wa kò yá.

Ẹ̀yin ará, Letmauk jẹ́ ibì kan ní Bọ́mà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, ẹgbẹ́ 82 ja ogun kíkan níbẹ̀ láàrin òkè, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú An. Nínú bíríkédì mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà ní, méjì jẹ́ ti Nàìjíríà. Nàìjíríà sì fi orúkọ àwọn ibi ogun wọ̀nyẹn sọ bárékè rẹ̀: Letmauk ní Ìbàdàn, Dodan àti Arakan ní Èkó. Ọ̀rọ̀ tí a pè ní ọ̀fọ̀ fún ogójì ọdún, orúkọ òkè tí bàbá wa àgbà ti fi orí ru ẹrù gùn ni. Ènìyàn lè ra ìwé oníwèé, ó sì lè ra irin ẹlòmíràn lọ́jà. Kì í ra irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa fi pe oko rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú.

A kò gba ọ̀nà tààrà padà sílé. A gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ, níbi tí àwọn ẹbí ìyá bàbá wa àgbà wà. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. A dọ̀bálẹ̀, ó kí wa ní oríkì, a sì bi í ní ohun tí ó mọ̀. Ó ní ọmọdébìnrin tí ó ń pọn omi ni òun nígbà náà. Ó rántí pé bàbá wa àgbà dé ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oníṣòwò kan láti Kétu mú ìròyìn wá pé wọ́n ti mú àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni kò jẹun. Ó ní: "Wọ́n ti gbé ẹrù mi lé àbúrò mi lórí. Mi ò lè máa jẹ iyán ní Ìmẹ̀kọ." Ó fẹ́ padà lọ fi ara rẹ̀ hàn, àwọn àgbà sì ní ó ti pẹ́ jù, nítorí wọ́n ti fi reluwé Pọ́bẹ̀ gbé ọmọ náà lọ sí Àjàṣẹ́. Nígbà náà ni ó dìde, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì wọ iṣẹ́ sójà Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí kò bá lè gba ẹrù náà kúrò lórí àbúrò òun, òun náà yóò ru tirẹ̀.

A bi ìyá náà léèrè orúkọ "Meko." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá sọ pé ará ilẹ̀ Faransé ni òun, ta ni ó mọ ibi tí wọn yóò dá òun padà sí? Ó ní Ìmẹ̀kọ ni òun ti wá. Akọ̀wé sì kọ orúkọ ìlú náà sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún ọ̀pọ̀ sójà nígbà náà. A kọ gbogbo ohun tí ìyá náà sọ sínú ìwé lójú rẹ̀, a kà á fún un, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Nígbà tí a dé ilé, a sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Kékeré. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbọ́ títí dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ó dára. Mo ti gbọ́ pé ó jìyà. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó jẹ kò wo ẹsẹ̀ bàbá mi sàn." A kò rí èsì fún un. Òtítọ́ ni ó sọ. Bàbá wa àgbà sá. Gbogbo ìwé tí ó wà ní Kew kò lè sọ pé kò sá.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ní ìgbà Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́, ẹnì kan tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní kí a bá òun wá ẹ̀rí ìrìbọmi àwọn òbí òun. A ṣí ìwé ìrìbọmi àtijọ́, èyí tí a ti ń ṣí láti ọdún mẹ́wàá wá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń fi ìka tọ orúkọ lọ ní ojú ewé ọdún 1963, a kan orúkọ àbúrò bàbá wa àgbà. Ní ọdún yẹn ni ó gba ìrìbọmi. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ti ìyá rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tí ó dúró fún ènìyàn bíi bàbá nínú ìrìbọmi, tí àwọn Faransé ń pè ní parrain, orúkọ bàbá wa àgbà ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé wa lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí Meko.

A tọrọ àyè lọ́wọ́ fàdá, a sì lọ pe Bàbá Kékeré. A fi ìka rẹ̀ lé orí ìlà náà, a kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í yan ẹni náà fún àgbàlagbà tí ó ń gba ìrìbọmi. Òun ni ó ń yàn án fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ọkùnrin onígbàgbọ́ tí ó wà ní agbègbè wa ní ọdún 1963, ẹni tí ó sá fi í sílẹ̀ ní ọdún 1943 ni ó mú, kí ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká nígbà tí wọ́n ń da omi sí i lórí. Àwọn méjèèjì ti parí ìjà wọn lójú pẹpẹ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àwa ọmọ wọn ni a ń bá a lọ.

Bàbá Kékeré dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní: "Bàbá mi kò sọ fún mi." Lẹ́yìn náà ó ní kí a fún òun ní bírò. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá tí ó kọjá, òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ilé wa. Ó kọ orúkọ méjèèjì sórí ìlà kan.

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí ohun tí Ìwé Kejì Mákábéù sọ ní orí kejìlá. Nígbà tí Júdásì Mákábéù lọ gbé òkú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó rí ohun òrìṣà lábẹ́ aṣọ wọn. Ó mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀. Kò fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ó dá owó jọ, 2,000 dírákímà fàdákà, ó fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù kí wọ́n rúbọ fún ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Lára ibẹ̀ ni Ìjọ ti rí i pé ó yẹ kí a máa gbàdúrà fún àwọn òkú. A kò pe orúkọ wọn nítorí pé wọn kò ṣẹ̀. A ń pè é nítorí pé tiwa ni wọ́n.

Nítorí náà, bí sójà bá wà nínú ilé yín, ti Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má dúró de oṣù Kọkànlá. Ẹ wo inú àpótí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi irin ṣeré, ẹ má sì jẹ́ kí ikán dé ìwé. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ síbòmíràn. Bí orúkọ tí ó wà nínú ìwé kò bá jẹ́ ti ilé yín, ẹ wò ó bóyá orúkọ ìlú ni. Bí àgbà bá ń pe ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá arúgbó nísinsìnyí, nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́. Ìyá ti Ìmẹ̀kọ yẹn ti sùn nínú Olúwa láti ìgbà tí a ti rí i. Kí ẹ tó kọ̀wé sí òkè òkun, ẹ wá bá wa kí a jọ ṣí ìwé ìrìbọmi. Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, a máa ń wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ olúkúlùkù ní orúkọ, fún gbogbo àwọn òkú wa ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, àwọn tí ó sá àti àwọn tí wọ́n mú. Kí ó sì parí ìjà tí ó kù nínú ilé wa. Àmín.